Iṣẹ́ tí Tíṣà Rán Mi sí Fèrè

Ẹ̀yin akọrin ẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, mi ò sì lè gbé e mì mọ́. Ẹnu mi ò gbà á láti sọ ọ́ lójú yín, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ kí akọ̀wé kà á. Ìwé tí mo kà ò pọ̀, ẹ bá mi fojú fo àṣìṣe. Ẹ̀dà kan ti lọ sọ́dọ̀ Fèrè láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ dé lẹ́yìn ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ àbúrò ìyá mi ni, ohùn rẹ̀ ló fi ń jẹ́ Fèrè. Òun ló yẹ kó máa dúró síbi tí mò ń dúró sí, níwájú yín, kó máa dá orin kí ẹ máa gbè é. Èmi ni mo mú un kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí.

Aṣọ ni mò ń lọ̀ nílé ìfọṣọ, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ orin lọ́dọ̀ Tíṣà, ohùn mi sì ń ké bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fepo sí. Tíṣà á ní ká dùbúlẹ̀, ká gbé ìwé ńlá lé ikùn, ká mí títí ìwé á fi gbéra. "Ikùn la fi ń kọrin," ló máa ń wí, "ọ̀fun kàn jẹ́ ọ̀nà ni. Bí ìwé yẹn bá sùn, ìwọ náà ti sùn nìyẹn." Mo fi sítíróò fẹ́ èémí sínú kọ́ọ̀pù omi. Mo ń fi ètè ṣe pururu nídìí áyọ́ọ̀nù, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ á sì máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Ẹṣin ti dé o, ẹ fún un ní koríko!" Ọdún mẹ́fà gbáko kí ohùn mi tó là. Ìgbà náà ni Fèrè wá ń gbé nínú yàrá mi, ọmọ ogún ọdún. Èmi fúnra mi ni mo mú un lọ bá Tíṣà. Láàárín oṣù díẹ̀, ohun tí mo làágùn wá, ó ti ń fi ṣeré. Lọ́jọ́ kan tó kọrin tán, Tíṣà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nu ojú. Kò bọ́ ọ fún mi rí.

Nígbà tó ku oṣù kan ká lọ kọrin ní gbọ̀ngàn ńlá kan, Tíṣà ní Fèrè ni yóò dá orin. Mo rẹ́rìn-ín, mo dì mọ́ ọn. Irọ́ ni ẹ̀rín yẹn. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni òtútù mú un, ohùn rẹ̀ há. Tíṣà ń lọ sí ìrìn àjò, ó pè mí sẹ́nu ọ̀nà: "Sọ fún un kó dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Kó má kọrin, kó má sọ̀rọ̀, kó má tilẹ̀ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, torí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ a máa ba ọ̀fun tó wú jẹ́. Bó bá sinmi, ohùn á padà." Mo gun àtẹ̀gùn ilé wa. Kí n tó dé òkè, mo ti yí i padà. "Tíṣà ní kó o má pariwo, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni kó o máa sọ. Láràárọ̀, kó o kọ apá òkè orin náà nígbà mẹ́wàá, kó má bàa dípẹtà." Èmi tí mo mọ̀! Lọ́jọ́ kẹta ó ní, "Àǹtí, ó ń dùn mí bí ẹni gbé abẹ mì." Mo ní bí ohùn ṣe ń dàgbà nìyẹn. Lọ́jọ́ karùn-ún, itọ́ rẹ̀ pọ́n. Kò ní fóònù, tèmi ló wà. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe Tíṣà, ẹ bi í bóyá kí n dúró." Mo sọ̀ kalẹ̀ sí ojú títì, mo gbé fóònù létí. Mi ò tẹ nọ́ńbà kankan. Mò ń mi orí bí ẹni ń gbọ́ràn. Mo tilẹ̀ ní, "Ẹ ṣé, sà," torí mo mọ̀ pé ó ń wò mí látojú fèrèsé. Mo gòkè padà. "Ó ní o ń ṣe dáadáa. Kó o fi kún un." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fi kún un.

Ohùn náà ya. Dókítà ní ọgbẹ́ ibẹ̀ ti di àpá. Tíṣà dé, ó bi mí: "Ṣé o jíṣẹ́ mi?" "Mo jíṣẹ́, sà. Etí rẹ̀ ló le." Ó bínú, kò fẹ́ rí i. Ojú ń ti Fèrè, kò fẹ́ rí Tíṣà. Bẹ́ẹ̀ ni wọn ò pàdé títí Tíṣà fi kú. Èmi ni mo dá orin ní gbọ̀ngàn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo délé, Fèrè ti kó ẹrù rẹ̀; ó ní òun ò lè gbé níbi tí orin wà mọ́. Mo kọ orin náà lẹ́ẹ̀kan sí i, fún ògiri. Ó di ọdún mọ́kànlá báyìí tí mo ti ń kọrin fún ògiri.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wá bá mi níbi iṣẹ́ pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ohùn Fèrè dà bí ẹni ń wọ́ àpótí lórí iyanrìn. "Àǹtí, orin ni tọmọ yìí ṣáá. Ẹ̀yin lẹ dúró tì mí nígbà àìsàn yẹn. Ẹ bá mi kọ́ ọ. Mi ò lè fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́." Ọmọ náà kọ ìlà kan péré. Aṣọ oníbàárà jóná lábẹ́ áyọ́ọ̀nù mi. Mo ní kó mú un wá lọ́jọ́bọ̀. Ẹ̀yin ará, ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí ọmọ yẹn ṣe ń kọrin, nǹkan kan gbéra nínú mi, mo sì mọ̀ ọ́n. Òun náà ni ti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Kò kú.

Nítorí náà, mi ò ní kọ́ ọmọ náà, mi ò sì ní dá orin mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀fun tó bá ń dùn yín, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni sí olùkọ́ yín. Ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ. Ìwọ Fèrè, àbúrò mi, mo wà nínú yàrá, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Forí jì mí, bó bá ṣeé ṣe. Bí kò bá ṣeé ṣe, wá bú mi. Ṣùgbọ́n má pariwo, ọ̀fun rẹ ò gbà á. Àní ariwo tó yẹ kó o pa mọ́ mi, mo ti jí i lọ. Kọ ọ́ sínú ìwé. Màá kà á.