Ewé Keje Nínú Òfin Géèmù Ọmọ Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ó ti pé ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mo ti pinnu pé n kò ní sọ ọ́ láéláé, ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá mo pàdé ẹni tí mo ṣẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ kí mi.

Alásè ni mí ní ilé-ìwé kan ní Jikwoyi. Ọmọbìnrin mi, Títílayọ̀, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ráliátù jọ ń ṣe géèmù orí kọ̀ǹpútà. Nínú rẹ̀, èèyàn lè jẹ́ ọdẹ, alágbẹ̀dẹ tàbí aránṣọ, ó sì lè pa iṣẹ́ dà nígbà tó bá wù ú. Títí ló ń kọ òfin rẹ̀ sórí ìwé. Ráliátù, tó ń gbé ní Dutse Alhaji, ló ń kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà.

Lọ́jọ́ kan, Títí ní kí n bá òun mú òfin tuntun lọ fún Ráliátù. Ewé ìwé mọ́kànlá ni, kò kọ nọ́ńbà sí wọn. Mo ń kà wọ́n lọ nínú ọkọ̀. Ewé keje sọ pé ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìgba fírídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ yóò pàdánù gbogbo ohun tó kọ́. Ẹni tó bá gbà á yóò mú ìdajì dání lọ sínú iṣẹ́ tuntun, "bíi Mọ́mì mi, tí wọ́n gba fírídọ́ọ̀mù aránṣọ kí wọ́n tó di alásè."

Ẹ jọ̀ọ́, n kò gba fírídọ́ọ̀mù rí. Ó ku oṣù mẹ́rin péré kí n gbà á nígbà tí mo sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Ìlọrin, nítorí ìyà ibẹ̀ pọ̀ jù. Mo sọ fún ọkọ mi àti àwọn ọmọ pé mo kúnlẹ̀, pé ọ̀gá mi gbàdúrà lé mi lórí. Irọ́ mi ni ọmọ mi fi ṣe òfin. Òfin yẹn náà ló sì ń sọ pé ọwọ́ tí mo fi rán aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ ti gbàgbé iṣẹ́.

Mo yọ ewé keje, mo fi sínú àpò mi.

Nígbà tí Títí dán géèmù náà wò, aránṣọ tó sá lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ṣì ń rán aṣọ. Ó pe Ráliátù wá sílé wa.

"Ráli, òfin fírídọ́ọ̀mù dà?"

"Kò sí nínú ohun tí Mọ́mì gbé fún mi."

"Ìwọ tó o ti ń sọ pé òfin yẹn le jù! Ṣé ó fò lọ fúnra rẹ̀ ni?"

"Kai, Títí! Mo wá di olè ìwé? Mọ́mì, ẹ gbà mí o. Ewé mélòó lẹ gbé wá?"

Mo ní n kò kà á. Èmi tí mo máa ń ka ẹyin kí n tó gbé e kaná.

Ráliátù wò mí. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní ọjà èso Zuba, Ráliátù ló bá mi gbé àpò ọsàn mi dé ìdí ọkọ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé Títí ti parí géèmù yẹn?" Mo ní ó kù díẹ̀. N kò lè sọ fún un pé Títí ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tó ṣe é, àti pé Sátidé tó ń bọ̀ ni yóò fi géèmù náà han gbogbo èèyàn.

Bí mo bá jẹ́wọ́ ewé yìí, Títí yóò bèèrè ìdí rẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ti Ìlọrin náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. Ewé keje ṣì wà lọ́wọ́ mi. Nínú àwọn ọmọ méjèèjì, ta ni kí n kọ́kọ́ gbé e fún kí Sátidé tó dé?