Ẹsẹ̀ Dẹ́rẹ́bà àti Aṣọ Pupa

Láti ìgbà tí mọ́tò ti gbókìtì pẹ̀lú mi lọ́nà Èrúwà, ẹ̀yìn dẹ́rẹ́bà ni mo máa ń jókòó sí kí n lè máa ṣọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni mo wà lọ́jọ́ tí à ń lọ sí Tápà, tí dẹ́rẹ́bà wa dédé tẹ búréèkì nítòsí Ìdèrè.

"Kí lo rí?" ni ìyá àgbàlagbà tó jókòó níwájú bi í. "Ṣé ewúrẹ́ ni?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Aṣọ pupa tí wọ́n sá sórí igbó yẹn ni. Ìbàdàn ni mo ti ń wa mọ́tò tẹ́lẹ̀, iná tó ń dá mọ́tò dúró ní oríta ibẹ̀ ti mọ́ mi lára. Bí mo bá ti rí pupa, ẹsẹ̀ mi á ti tẹ búréèkì kó tó fi tó mi létí."

"Kó tó fi tó ọ létí! Ta ló wá ń wa mọ́tò yìí?"

"Màmá, ẹ ṣáà dúpẹ́ pé ẹsẹ̀ yá."

"Mo ti dúpẹ́. Eyín tó kù sí mi lẹ́nu náà dúpẹ́. Bí iná Ìbàdàn ọ̀hún bá wá di àwọ̀ ewé ńkọ́?"

"Ìyẹn ni pé kí n máa lọ. Ẹsẹ̀ mi á kàn fi eré sí i ni."

Ìyá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo ọ̀nà tó wà níwájú.

"Ọmọ mi, láti ibí dé Tápà, ewé nìkan ló wà."

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Èmi ti ń wá bàtà mi kí n lè sọ̀ kalẹ̀.