Àmín Tí Kò Yé E

Nínú mọ́tò Ayétòrò sí Afọ̀n ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jókòó níwájú mi.

Obìnrin náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè Bàbá. Màmá rò pé òkú ọmọ òun ń bọ̀ lẹ́yìn yín. Kí lẹ fẹ́ sọ fún un?"

"Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ìlú òyìnbó níbẹ̀ ni kí wọ́n sin òun sí."

"Ẹ kò sì bá wọn jà?"

"Èdè wo ni mo fẹ́ fi jà? Ìlú kékeré létí òkun ní Fínláǹdì ni. Èdè méjì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Pásítọ̀ fi ọ̀kan gbàdúrà, ó tún fi èkejì gbà á. Mo ń ṣe àmín, n kò mọ ohun tí mò ń ṣe àmín sí."

Àmín yẹn kò kúrò létí mi dòní.

Obìnrin náà bú sẹ́kún. "Ẹ̀yin náà ò wá bá a sọ èdè wa títí wọ́n fi bo sàréè rẹ̀?"

Ọkùnrin náà ní, "Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ní, 'Àbúrò mi, Màmá ń kí ọ o.'"

Obìnrin náà nu ojú. "Ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún Màmá."

Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Afọ̀n, kò sí èyí tó fẹ́ ṣíwájú lọ sílé Màmá nínú àwọn méjèèjì.