Ìyá Dúpẹ́ Kọ́ Ló Jẹ Ẹyin Náà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, ìyàwó mi pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí lórí obìnrin kan ní Sátidé, ohun tí mo mọ̀ kọ́ ni wọ́n sì fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kò sì ka ìkẹfà náà parí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Kọ́bapẹ́, tí ẹ ní Ẹnjiníà lẹ ń wá, ọmọdé ibẹ̀ á mú yín délé mi. Ẹ̀rọ tó bá kọ̀ fún àwọn tó lọ yunifásítì, ó ń gbọ́ tèmi. Ìdí nìyẹn tí Alhaji tó ni oko adìyẹ fi fi mí ṣe olórí níbi tí ẹ̀rọ ti ń sàba lé ẹyin títí á fi di òròmọdìyẹ.

Ooru ni gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, ẹyin á jiná. Kọ̀ǹpútà kan wà ní ọ́fíìsì tó ń ṣọ́ ooru yẹn. Bí ooru bá ti ju bó ṣe yẹ, fóònù ọwọ́ Ìyá Dúpẹ́ á ké, ìyá náà á sì sáré lọ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ. Opó ni Ìyá Dúpẹ́. Òun ló ń tọ́jú yàrá ẹyin, yàrá kan ló sì ń gbé nínú ọgbà níbẹ̀.

Ọmọkùnrin tó wá láti Èkó wá to kọ̀ǹpútà náà kọ́ mi ní nǹkan kan. Téèyàn bá tẹ àwọn bọ́tìnnì kan pọ̀, gbogbo iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe á tò sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú bí agbára tí ìkọ̀ọ̀kan ń jẹ ṣe pọ̀ tó. Ó ní bí kọ̀ǹpútà bá ń fà, kí n wo èyí tó ń jẹ jù, kí n sì pe òun.

"Wíwò ni mo kọ́ yín o, bàbá. Ẹ má pa ìkankan."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ọmọ tí mo lè bí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, àwọn ọlọ́kadà wá wo bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ mi ní ọ́fíìsì lórí kọ̀ǹpútà yẹn. Àwòrán á dúró, á tún sáré. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹnjiníà, ẹ̀rọ yín yìí ń tiro o." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n wo ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́. Mo tẹ bọ́tìnnì. Orúkọ kan wà lókè pátápátá tí n kò lè kà. Ó ń jẹ ju bọ́ọ̀lù lọ.

Mo ní, "Àjẹ́ ilé rèé. Ó ń jẹ, a ò rí i." Mo pa á. Bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ geere. Wọ́n yìn mí, orí mi wú.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi wà gan-an nìyí. Nígbà tí bọ́ọ̀lù parí, mo rí i pé àpótí kékeré tó máa ń fi ooru hàn ní igun kọ̀ǹpútà kò sí mọ́. Mo rí i. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a padà. Mo mú fóònù kí n pe ọmọ Èkó yẹn. Mo rántí ohun tó sọ. Mo dá fóònù padà sápò. Mo lọ sílé, mo jẹun, mo sùn.

Láàárọ̀, n kò tíì dé ẹnu géètì tí òórùn fi kàn mí, bí ìgbà tí wọ́n bá gbàgbé ẹyin sórí iná. Fáànù ẹ̀rọ ti kú lóru, ooru ti gun òkè. Ìyá Dúpẹ́ jókòó sílẹ̀. Ó ti fọ́ ẹyin kan, òròmọdìyẹ inú rẹ̀ ti hu ìyẹ́.

"Fóònù ò ké," ló ń wí. "Ọwọ́ mi ló wà. Kò ké."

Mo gba ọ́fíìsì lọ. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún tan án. Nǹkan tí mo pa lánàá yẹn jí fúnra rẹ̀. Nígbà tí Alhaji dé, mo ṣí i hàn án. Òun rèé lókè, ó ń jẹ tirẹ̀. Mo ní, "Alhaji, ẹ wò ó, ó ń ṣiṣẹ́." Irọ́ kọ́. Lásìkò yẹn, ó ń ṣiṣẹ́.

Alhaji ní kí ló dé tí fóònù ò fi ké, kí ló wá jẹ ẹyin òun. Ohun tí mo fi pa àwọn ọlọ́kadà lẹ́rìn-ín ló tún bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní, "Ohun tó ń jẹ tí a kì í rí, ẹ̀yin náà mọ orúkọ rẹ̀." N kò dárúkọ Ìyá Dúpẹ́ o. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn yíjú sí i.

Wọ́n lé e. Ibi tó kó lọ, àwọn aládùúgbò kó adìyẹ wọn jìnnà sí i. Lẹ́yìn náà, oyún bàjẹ́ lára Dúpẹ́, ọmọ rẹ̀. Àwọn àna Dúpẹ́ ní ìyá rẹ̀ jẹ ẹyin tán, ó wá kan ọmọ. Wọ́n mú Ìyá Dúpẹ́ lọ sí ilé àdúrà kan lápá Ọwọ́dé. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ jẹun títí yóò fi jẹ́wọ́.

Mo lọ wò ó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wọnú. Ó rò pé mo wá bá òun bẹ̀bẹ̀ ni, ó ń dúpẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ẹ̀rọ, ẹ bá mi sọ fún wọn pé fóònù ò ké." Mo ní màá sọ. Lẹ́yìn náà ló rọra bi mí pé, "Àbí èmi ni, Ẹnjiníà? Àbí mo máa ń jáde lójú oorun, tí n kì í mọ̀?"

Mo dìde. Bí mo ṣe ń jáde, pásítọ̀ ibẹ̀ ní kí n wá sọ níwájú ìjọ ní Sátidé pé kọ̀ǹpútà kò ní àbùkù lọ́jọ́ yẹn. Mo ní màá wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá sọ òótọ́, kò sẹ́ni tó máa pè mí ní Ẹnjiníà mọ́, Alhaji sì lè fi ọlọ́pàá mú mi. Bí n kò bá sọ ọ́, ìyá yẹn máa jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe, tàbí kí ebi pa á kú. Ọ̀dọ̀ ta ni kí n kọ́kọ́ lọ, ọ̀dọ̀ Alhaji ni àbí Ọwọ́dé?

Ìyàwó mi ti gbé oúnjẹ síwájú mi, ó ti tutù. Èmi tó yẹ kó jẹ́wọ́ ti jẹ́wọ́ níbí yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n lè fún Ìyá Dúpẹ́ lóúnjẹ báyìí?