Ẹni Tí Ó So Òbúkọ Ràmọ́nù Mọ́lẹ̀

Isidore dìde lórí àpáta pẹrẹsẹ tí àwọn obìnrin máa ń sá èlùbọ́ sí, ó ṣí fìlà, ó sì ní kí ẹni tí ó bá gbé ìkòkò kaná lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kíá, nítorí ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí a ń fi ìdajì etí gbọ́. "Òtítọ́ tí mo gbé mì," ni ó wí, "ó ti kọ̀ láti dà nínú mi. Lónìí ni n ó bì í síwájú yín." Àwọn ènìyàn wojú ara wọn. Wọ́n ti rò pé ìdájọ́ ni Isidore, delegé wọn, ìyẹn olórí abúlé tí wọ́n fi ìbò yàn, fẹ́ parí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta náà ni alùpùpù akérò kan tí wọ́n ń pè ní zémidjan dúró sí, tòun ti ẹrù Gervais lẹ́yìn rẹ̀: ẹní, ìkòkò àti àpò aṣọ. Wọ́n ní Gervais jí òbúkọ Ràmọ́nù pa jẹ, wọ́n sì ti ní kí ó fi abúlé sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọkùnrin náà jókòó, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Isabelle ìyàwó rẹ̀ dúró níbi tí ó jìnnà sí i.

"Kí ẹ tó lè mọ bí mo ṣe burú tó, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí mo gbọ́n lójú ara mi," ni Isidore wí, àwọn kan sì rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ṣáà mọ̀ pé ó ti pẹ́ ní Cotonou, níbi tí ó ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ibẹ̀ ni ó ti ń gbọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé lórí rédíò tí wọ́n ń sọ pé "moins d'État" ni ìgbàlà ayé: kí ìjọba dín ara rẹ̀ kù, kí ó gbé ọwọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ ará ìlú, kí kálukú máa ṣe tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn ju ẹran lọ. Ó rù ú bọ̀ wá sí abúlé wọn níhà Lèma, ó sì fi ṣe ìpolongo. Àṣà ibẹ̀ nígbà náà ni pé bí òjò bá ti rọ̀, tí iṣu bá ti ń rúwé lórí ebè, gbogbo ewúrẹ́ gbọ́dọ̀ wọ okùn títí di ìgbà ìkórè. Gervais ni ó ń rìn káàkiri láti mú èyí tí ó bá já. Ẹni tí wọ́n bá mú ẹran rẹ̀ yóò ro apá kan ọ̀nà odò kí ó tó gbà á padà, ilé kọ̀ọ̀kan sì ń fún Gervais ní iṣu kan nígbà iṣu titun. "Irú ìyà wo nìyí?" ni Isidore ń bi wọ́n. "Ìjọba wo ni yóò máa wọ àárín èmi àti ewúrẹ́ mi? Kí kálukú ṣọ́ ẹran rẹ̀, kí kálukú ṣọ́ oko rẹ̀, ó parí!" Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n yàn án. Kò pẹ́ tí ó fi ní kí Gervais máa lọ sílé, kálukú sì fi tayọ̀tayọ̀ di iṣu rẹ̀ mú.

Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ kì í gbọ́ rédíò. Bí okùn ṣe kúrò lọ́rùn wọn, oko ni wọ́n gbà lọ. Oko Isidore ní wáyà yí ká. Ti Ràmọ́nù, oníṣọ́ọ̀bù etí títì, náà ní. Ìdí nìyẹn tí òmìnira fi dùn lẹ́nu àwọn méjèèjì. Rébecca, opó tí oko ẹ̀wà rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, kò ní wáyà. Ràmọ́nù sì ní òbúkọ ńlá onírùngbọ̀n kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Préfet, bí ẹni ń pe gómìnà, nítorí pé bí ó bá ń bọ̀ lọ́nà, ènìyàn ló ń yà fún un. Préfet wọ oko ẹ̀wà náà, ó jẹ ẹ́ kanlẹ̀. Rébecca tọ delegé lọ. "Delegé, ẹ gbà mí, Préfet ti jẹ mí tán." Isidore gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ní, "Màmá, àárín ẹ̀yin àti Ràmọ́nù nìyẹn. Ẹ lọ bá a sọ ọ́ bí àgbà méjì." Rébecca lọ. Ràmọ́nù ní òun kò rí òfin tí òbúkọ òun rú. Òótọ́ ni, delegé ti fagi lé òfin náà. Ni obìnrin náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojoojúmọ́ jókòó sóko pẹ̀lú òkò lọ́wọ́, ọjà Glazoué tí ó máa ń ná sì di àwátì. "Mo rí i," ni Isidore wí, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Bí mo bá ń kọjá, mo máa ń kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́. Ẹ gbọ́ ẹnu burúkú!"

Ó mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti fọ́nnu fún àwọn delegé ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Glazoué pé abúlé òun ń tọ́jú ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ojú wo ni yóò fi pe Gervais padà? Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, bí àlùfáà ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwàásù, Isidore fọwọ́ di ikùn mú, ó yọ́ jáde nínú Mísà. Ó gba ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú okùn lápò, ó kó àwọn ewúrẹ́ tí ń jẹ̀ kiri, ó so wọ́n sínú ihò kan láàárín àwọn àpáta lókè, ó sì padà wá jókòó bí ẹni mímọ́. Nírọ̀lẹ́ ó tú wọn sílẹ̀. Ó ṣe é lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ṣe é lọ́jọ́ ọjà, ó ṣe é nígbà ìsìnkú. Léa ìyàwó rẹ̀ ń se àgbo inú rírun fún un, ó ń mu ún, kò sì gbọdọ̀ ráhùn. Nígbà tó yá, àwọn ènìyàn ń sọ pé, "Ẹ wò ó, àwọn ewúrẹ́ ti gbọ́n!" Isidore á sì dáhùn pé, "Ṣé mo sọ fún yín? Bí ìjọba bá ti gbé ọwọ́ kúrò, ẹranko pàápàá á mọ ohun tó tọ́." Nígbà tí wọ́n gbọ́ èyí lórí àpáta, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Léa kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Bàbá Josué! Gbogbo ewé tí mo já yẹn!"

"Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín tán," ni Isidore wí. "Èyí tó burú ń bọ̀." Lọ́jọ́ kan tí ó so Préfet sínú ihò òkè náà, àwọn delegé ní Glazoué ránṣẹ́ pè é pé kí ó wá kọ́ àwọn lọ́gbọ́n tí ó ń dá. Ó lọ, wọ́n bu sódàbì, ògógóró ibẹ̀, fún un, ó sọ̀rọ̀ títí ó fi gbàgbé ilé, ó sun ibẹ̀. Kí ó tó dé, Préfet ti bá okùn jà títí ó fi já bọ́ sáàárín àpáta méjì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ó kàn ń mí ni. Isidore pa á. Ó yẹ kí ó lọ bá Ràmọ́nù nígbà náà, àmọ́ kí ni yóò wí? Ta ló ní kí ó mú òbúkọ olóbùúkọ? Òfin wo? Ó yan ẹran náà, ó gbé e wálé, ó ní ẹ̀bùn láti Glazoué ni. Àánú Gervais wá ṣe é, àbí ẹ̀rí-ọkàn ló ń gún un, ó wé itan kan sínú ewé, ó gbé e lọ fún un nígbà tí gbogbo ènìyàn wà lóko. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi èyí jẹun." Gervais dúpẹ́, ó súre fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, Ràmọ́nù ń wá òbúkọ, òórùn ẹran sì ń ti ilé ẹni tí kò ní ewúrẹ́ jáde. Wọ́n wọ́ Gervais wá sórí àpáta yìí kan náà. "Delegé ló fún mi," ni ó wí. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Delegé tí ó gba iṣu lẹ́nu rẹ̀ ni yóò wá fún un ní itan ẹran? Wọ́n yíjú sí Isidore: "Delegé, ṣé ẹ̀yin ni?" Isidore tún fìlà rẹ̀ dé dáadáa. Ó ní, "Èmi? Mi ò fún un ní nǹkan kan."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Isidore ń làágùn. Ó ní òun ìbá ti gbé ọ̀rọ̀ náà dé sàréè, àmọ́ láàárọ̀ ni Gervais kan ilẹ̀kùn òun, ó mú ọkọ́ kan lọ́wọ́. "Delegé, ọkọ́ tí mo yá lọ́wọ́ yín nìyí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní mo tún jí i lọ." Ó gbé e ti ògiri, ó kí òun pé ó dàbọ̀, ó sì lọ. "Ká ní ó bú mi ni," ni Isidore wí, "inú mi ì bá dùn." Ojú ro ó, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ràmọ́nù ló kọ́kọ́ fò sókè. "Wàláì! Ìwọ lo jẹ Préfet!" Wọ́n dì í mú. Isidore ní kí ó wá mú èyí tó bá wù ú nínú àwọn òbúkọ òun, kódà kí ó mú méjì. Inú Ràmọ́nù rọ̀ díẹ̀, ó béèrè bóyá ẹran náà tilẹ̀ dùn. Rébecca kò jókòó ní tirẹ̀. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ni ó wí. "Ẹ ní kò sí ìjọba mọ́. Ó wà! Ó kàn ń yọ́ rìn lẹ́yìnkùlé ni. Ìjọba Gervais, a mọ ilé rẹ̀. Bó bá ṣi ewúrẹ́ wa mú, a ó lọ bá a jà. Tiyín yìí ńkọ́, Delegé? Ta ni à bá lọ bá jà?"

"Màmá, ẹ ò purọ́," ni Isidore dáhùn, ó sì kọjú sí àwọn ọ̀dọ́ tó wà nídìí alùpùpù. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé kí ohun tó jẹ́ ti gbogbo wa má lọ́wọ́, má lẹ́sẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ wò ó bóyá oko tirẹ̀ ní wáyà. Mo rò pé òmìnira ni mo fún yín. Préfet ni mo fún yín." Ẹ̀rín tún sọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Gervais. "Ẹ̀gbọ́n, mo ṣẹ̀ yín. Ẹ dárí jì mí."

Gervais gbé ojú sókè kúrò lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀. "Ti òbúkọ kò dùn mí," ni ó wí. "Ti iṣu pàápàá, mo ti gbàgbé. Isabelle ló dùn mí. Mo sọ òótọ́ fún un nínú ilé, kò gbà á. Ó ní Delegé kì í purọ́."

Isabelle ti ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn tí ó dúró sí, ó ń fi ìborùn nu ojú. "Ẹni tí mo ń bá sùn lórí ẹní kan," ni ó wí, "fìlà delegé ni mo gbà gbọ́ jù ú lọ. Má bínú, ọkọ mi." Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó tú okùn ẹrù lẹ́yìn alùpùpù fúnra rẹ̀, ó sì pè pé, "Delegé, ẹ máa bọ̀." Isidore dìde, iyẹ̀pẹ̀ kún ikùn rẹ̀. Isabelle gbé ẹní lé e lórí, ó gbé ìkòkò lé ẹní, ó fi àpò aṣọ kọ́ ọ léjìká, ó ní kí ó máa bá àwọn gbé e lọ sílé. Isidore ń lọ, ó ń ta gọ́gọ́gọ́, àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé e, Ràmọ́nù ń pariwo pé kí ó rọra, kí ó má fọ́ ìkòkò oníkòkò. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dìbò yàn án, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ará abúlé náà fi ojú ara wọn rí ìjọba tó ń bá ènìyàn gbé ẹrù.