Ẹkún Oyègúnlẹ̀ Létí Oko Àgbàdo

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí gbogbo ibi tí ẹ jókòó sí yìí ṣì jẹ́ igbó tí oòrùn kì í rí ilẹ̀ rẹ̀, ọkùnrin kan mú ìyàwó rẹ̀ dé ibí. Oyègúnlẹ̀ lorúkọ rẹ̀. Òun ni baba tó bí baba tó bí baba àwọn baba wa. Ìwọ Àkànjí, má kà á lórí ìka, ìka rẹ kò tó o. Ṣáà ti mọ̀ pé òun ló tẹ ibí dó. Àwẹ̀ró lorúkọ ìyàwó rẹ̀. Àdá kan, ọkọ́ méjì, ìkòkò kan ṣoṣo àti oyún oṣù mẹ́fà ni wọ́n gbé dé. Oyègúnlẹ̀ ṣán igbó, ó ṣán igbó, ó ṣán igbó títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Ó kọ́ ahéré, ó gbin àgbàdo. Inú ahéré yẹn ni Àwẹ̀ró bímọ sí, ọmọkùnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Àdìgún.

Oṣù méje ni Àdìgún lò láyé. Ibà kan mú un láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí oòrùn tó wọ̀, ó ti gbé e lọ.

Ẹ gbọ́ o. Láyé ìgbà yẹn, wọn kì í sunkún ọmọ ọwọ́. Àwọn ará abúlé kejì tó sún mọ́ wọn ló wá gbé òkú náà lọ sínú igbó, wọn ò sì jẹ́ kí baba àti ìyá tẹ̀lé wọn. Àgbà wọn, Baba Ṣàngódèyí, ló pàṣẹ fún tọkọtaya náà. Ó ní, “Ẹ ò gbọdọ̀ sunkún. Ẹ ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá ń pè é, ẹ ò ní rí òmíràn bí.” N kò sọ pé ìkà ni wọ́n o. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n.

Oyègúnlẹ̀ gbọ́ràn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó gbé ọkọ́, ó lọ sóko. Ọjọ́ kẹta, ó lọ sóko. Ọjọ́ kẹrin, ó lọ sóko. Ojú rẹ̀ gbẹ. Àwẹ̀ró ní tirẹ̀ kò lọ síbì kankan. Ọmú rẹ̀ kún, ó ń dùn ún, láràárọ̀ ló sì máa ń kúnlẹ̀ sẹ́yìn ahéré, tí á máa fún wàrà náà dà sílẹ̀. Oyègúnlẹ̀ rí i lẹ́ẹ̀kan. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó kọjá. Ọkùnrin rere ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó kọjá.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án ni Àwẹ̀ró la ẹnu.

“Baálé mi, ṣé igi ni yín ni?”

“Kí ni mo ṣe?”

“Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Ọmọ tí a jọ bí kú, ẹ̀yin ń ro oko. N kò lè máa dá ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Bílẹ̀ bá mọ́ lọ́la, mò ń padà sílé bàbá mi.”

Oyègúnlẹ̀ dìde. Ó mọ̀ pé bí Àwẹ̀ró bá lọ, kò sí ilé mọ́, kò sí oko mọ́, igbó á gba ilẹ̀ rẹ̀ padà. Gbogbo èyí wà lọ́kàn rẹ̀. Ohun tó wá rí sọ ni pé, “Àwọn ọ̀bọ ti ń jẹ àgbàdo wa,” ó sì jáde. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin rí sọ! Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà á níyàwó, ẹ máa sọ èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òótọ́ sì ni, àwọn ọ̀bọ ń jẹ àgbàdo. Ìbínú tí kò rí ibi kó sí, orí wọn ló dà á lé. Ó tẹ igi rírọ̀ méje yí etí oko ká, ó so okùn mọ́ wọn, ó ta á ní ojóbó, ó fi àgbàdo tútù sáàárín. Akọ ńlá tó máa ń ṣáájú wọn wá ló dẹ ẹ́ dè.

Ilẹ̀ mọ́. Àwẹ̀ró ń di ẹrù. Oyègúnlẹ̀ kò lè dúró wò ó, ó mú kùmọ̀, ó gba oko lọ. Oòrùn ti yọ dáadáa, ìrì ti ń gbẹ lórí ewé. Ó wo okùn kìíní, òfo. Ó wo ìkejì, òfo. Nígbà tó dé ìdí ìkẹta, ó dúró.

Abo ọ̀bọ kan jókòó síbẹ̀. Okùn kò mú òun. Ọmọ rẹ̀ ni okùn mú, ọmọ kékeré tó ṣì yẹ kó dì mọ́ ìyá rẹ̀ níkùn. Ó ti fẹ́ fọwọ́ kan àgbàdo, ojóbó sì fún un lọ́rùn. Ó ti kú. Ìyá rẹ̀ ti fi eyín ha okùn náà títí ètè rẹ̀ fi bẹ́, ẹ̀jẹ̀ wà ní gbogbo ìka rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sá wọgbó, òun kò sá.

Oyègúnlẹ̀ gbé kùmọ̀ sókè. Ọ̀bọ náà wò ó. Kò fi eyín hàn án, kò ké. Ó rìn bọ̀, ó rìn bọ̀, ó rìn bọ̀, títí ó fi dé ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó di ìka rẹ̀ kan mú, ó sì fà á lọ síbi okùn. Ìwọ tí ò ń mi orí lẹ́yìn yẹn, mo rí ọ. Bí bàbá mi ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ó ní ọwọ́ ọ̀bọ náà gbóná, èékánná rẹ̀ sì rí bíi ti ènìyàn.

Kùmọ̀ bọ́ lọ́wọ́ Oyègúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fa ọ̀bẹ yọ, ó gé okùn. Ìyá gba ọmọ rẹ̀. Ó nù ún lójú. Ó lé eṣinṣin. Ó gbé e sáyà, ó ti ẹnu rẹ̀ sí ọmú. Ọmọ kò mu. Ó tún ti ẹnu rẹ̀ sí ọmú kejì. Ọmọ kò mu. Wàrà ń kán sí ọmọ náà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń kán sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni Oyègúnlẹ̀ ti fojú inú rí Àwẹ̀ró níbi tó máa ń kúnlẹ̀ sí lẹ́yìn ahéré. Ẹkún tó ti ń gbé mì láti ọjọ́ mẹ́wàá tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sunkún, ẹ̀yin ọmọ mi! Ó sunkún ọmọ ọ̀bọ, ó sunkún ọmọ tirẹ̀, ó sunkún ọwọ́ ara rẹ̀ tó so okùn. Ó jókòó sórí ebè, ọ̀bọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò jìnnà ju bí Àkànjí ṣe jìnnà sí mi yìí lọ. “Má bínú,” ló ń wí fún un. “Ìyá ọmọ, jọ̀ọ́, má bínú.” Ta ló mọ̀ bóyá ó yé e? Nígbà tó pẹ́, ó gbé òkú ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó wọgbó lọ.

Oyègúnlẹ̀ já okùn mẹ́fà tó kù, ó sì forí lé ilé. Ó ń sáré, ó ń ké. Àwẹ̀ró ti gbé ẹrù rù, ó ti bọ́ sójú ọ̀nà. Kò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu ọkọ rẹ̀ rí.

“Yéè! Ejò ni? Níbo ló ti bù yín jẹ?”

“Àdìgún ni,” Oyègúnlẹ̀ wí. “Àwẹ̀ró, Àdìgún ni.”

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọmọ lọ, ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ náà. Àwẹ̀ró ju ẹrù sílẹ̀, ìkòkò inú rẹ̀ fọ́. Ìkòkò kan ṣoṣo tí wọ́n ní o! Kò tiẹ̀ wò ó.

“Ẹ tún un pè.”

Ó tún un pè.

“Ẹ tún un pè.”

Wọ́n jókòó sílẹ̀ sójú ọ̀nà yẹn, wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń pe ọmọ wọn, wọ́n ń sunkún. Igbe wọn dé abúlé kejì. Baba Ṣàngódèyí gbé ọ̀pá, ó yára dé.

“Ẹ dákẹ́! Èèwọ̀ ni! Oyègúnlẹ̀, ṣe bí ọkùnrin!”

“Baba, mo dọ̀bálẹ̀,” Oyègúnlẹ̀ dá a lóhùn. “Mo pa ọmọ ọ̀bọ láàárọ̀ yìí, ìyá rẹ̀ sì jókòó tì mí nígbà tí mò ń sunkún. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ̀yin náà jókòó tì wá, tàbí kí ẹ máa lọ.”

Arúgbó náà dúró. Wọ́n ti gbé mẹ́ta nínú àwọn ọmọ tirẹ̀ náà lọ sínú igbó yẹn rí, kò sunkún ọ̀kan. Ó fi ọ̀pá lélẹ̀, ó jókòó sínú eruku, ohùn rẹ̀ sì yí padà.

“Kí lẹ ní orúkọ rẹ̀ ń jẹ́?”

Àwẹ̀ró kò lọ mọ́. Àwọn ọ̀bọ jẹ ìdajì àgbàdo náà, ebi pa àwọn méjèèjì díẹ̀, èsúrú ni wọ́n ń jẹ kún un títí ọdún fi yí po. Wọ́n sì rí òmíràn bí. Mẹ́fà ni wọ́n bí! Àrọ́mọdọ́mọ wọn nìyí, ẹ kún ilẹ̀ níwájú mi, òógùn yín ń rùn.

Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í jẹ ọ̀bọ nílé yìí. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọdọ̀ sọ fún ọkùnrin ilé yìí pé kó ṣe bí ọkùnrin nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá kú. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló máa jókòó sí níwájú ilé, lójú gbogbo ayé. Ẹni tó bá dé á jókòó tì í. Kò ní kí i, kò ní tù ú nínú. Orúkọ ọmọ ló máa bi í.

Èmi yìí náà ti jókòó síbẹ̀ rí, ẹ̀yin kò tíì dáyé. Ọmọbìnrin ni, oṣù mẹ́ta péré. Mo le ojú koko, mo rò pé ẹkún mi kò ní lè jáde níṣojú àwọn ènìyàn. Bàbá mi dé láti oko, ó ṣí fìlà, ó fi orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún yẹn jókòó tì mí nílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọmọ náà lórúkọ. Síbẹ̀ ó bi mí, ó ní, “Kí lorúkọ rẹ̀?”

Mo ní, “Ìbídùn ni, Baba. Ìbídùn lorúkọ rẹ̀.”