MM Tó Di OO

Ẹ bá mi fìyìn fún Ọlọ́run tó ń la ẹnu odi! Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́ o, ẹ̀yin ará.

Ẹ mọ̀ mí, èmi Sister Bọ́sẹ̀ tó ń bá àwọn onítẹ̀wé Ṣómólú tẹ ìwé lórí kọ̀ǹpútà. Màmá mi tó ń yan ẹja ní Ìlàjẹ, ẹ ò tíì gbàgbé wọn. Nígbà tí wọ́n kú, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà lókè òkun ò lè wá sin wọ́n, torí kò ní pépà ìgbélùú. Látìgbà náà, tó bá ti pè mí lórí GSM, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Bọ́sẹ̀, mo ti ń gbàgbé ohùn Màmá. Mo ṣì ń rí ojú wọn, ohùn wọn ló ń sá fún mi." Áà! Èmi náà ń wá ohùn yẹn. Bí mo bá gbóòórùn ẹja yíyan lásán ní Bariga, omi á lé ròrò sójú mi.

Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló kù. Màmá ló sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó rìnrìn àjò láyé ṣọ́jà, a ò rí ẹni fi rán. Tẹ́ẹ̀pù inú ẹ̀ ti gbó. Mo ní kí n yáa gbé e sínú kọ̀ǹpútà kó tó bàjẹ́. Linux ló wà lórí kọ̀ǹpútà mi. Virus ló jẹ gbogbo iṣẹ́ mi nígbà kan, ni Brother Káyọ̀dé tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe bá fi Linux sí i, èyí tí virus kì í fi bẹ́ẹ̀ mú. Ihò ohùn ara kọ̀ǹpútà náà ti kú, ni mo bá ra èyí tí wọ́n ń kì bọ ojú USB. Mo so rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, mo gbà á sílẹ̀, mo ki earpiece bọ etí láti gbọ́ ohun tí mo gbà. Kẹ́kẹ́ pa!

Mo yọ ọ́, mo tún un kì. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, mo fòróró àdúrà kan USB yẹn lórí! Kò fọhùn. Brother Káyọ̀dé wá júwe ojú ìwé dúdú kan fún mi lórí fóònù, ó ní kí n yan USB níbẹ̀, torí ihò tó ti kú yẹn ni kọ̀ǹpútà ṣì ń bá sọ̀rọ̀. Mo yàn án. Òpó kan yọ, lẹ́tà méjì wà nísàlẹ̀ ẹ̀: MM. Yéè! Mo pariwo: Màmá Mi! Mo ní àmì ti dé. Mo jó, mi ò sì jẹ́ kọ́wọ́ kankan kan MM yẹn. Síbẹ̀, kò sóhùn. Mo tún gbà á, mo tún gbà á, títí rédíò fi fa tẹ́ẹ̀pù náà jẹ, ó já.

Mo ké bí ẹni tó tún òkú Màmá sin. Mo sá wá síbí, mo kúnlẹ̀, gbogbo àdúrà mi ò ju "Màmá mi, Màmá mi" lọ. Ìyàwó pásítọ̀ wa fọwọ́ kàn mí léjìká: "Bọ́sẹ̀, ta lò ń pè? Ẹni tó ti sùn ni, àbí Ẹni tí kì í sùn?" Ojú tì mí. Mo yí àdúrà pa dà. Mo ní, "Olúwa, ohùn yẹn ń wù wá gbọ́. Bó bá ṣì kù síbì kan, Ẹ bá wa wá a."

Mo pe Brother Káyọ̀dé láti sọ fún un pé ó ti parí, ni mo bá fẹnu ba MM. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àmì kẹ̀? Aunty, mute ni o! Wọ́n pa á lẹ́nu mọ́ ni. Ẹ tẹ M."

Mo tẹ M. MM lọ, OO ló jókòó síbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ṣé ẹ gbọ́? Màmá mi! Òo! Gbogbo ohun tí mo ti ń gbà, ó ti ń wọlé látẹ̀yìn wá, ẹnu ló wà ní pípadé! Mo tan èyí tí mo kọ́kọ́ gbà. Ohùn èmi ọmọdé ni mo gbọ́ láti ẹ̀yìnkùlé: "Màmá mi!" Wọ́n ní, "Òo! Dúró ná, mò ń bá ẹ̀gbọ́n ẹ sọ̀rọ̀."

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo gbé earpiece sétí fóònù. Màmá ń pè é: "Àkànní! Àkànní o!" Àgbàlagbà tó ti hewú lókè òkun lọ́hùn-ún dáhùn bí ọmọdé: "Mà!"

Àárò Màmá ṣì ń sọ mí o, mi ò ní purọ́ nílé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi gbógo fún Un, ẹ bá mi yọ̀. Bí mo bá pe Màmá mi báyìí, mo mọ ibi tí Òo wà.